Ewì Ti Wà Lẹ́nu Ọmọ Kí Ó Tó Dé Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ àti òbí ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ṣọ́ọ̀kì ti kun ọwọ́ yín láti àárọ̀, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ọjà Boundary àti ẹnu iṣẹ́ ní èbúté wá síbí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dúró lẹ́nu fèrèsé nítorí pé àga kò kárí, ọ̀rọ̀ ewì tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ni ín. Èmi kàn wá bá yín tún un sọ ni.

Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí ewì fi ṣe pàtàkì, kí n sì sọ bí olùkọ́ ṣe lè fi í ta ọkàn ọmọ jí. Èmi kò ní ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí olùkọ́ tí ó bá ti mọ ohun tí ewì ń ṣe nínú ayé ọmọ kò ní pẹ́ rí ọ̀nà tí yóò gbà fi kọ́ ọ, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, bí a tilẹ̀ kó gbogbo ìwé ọgbọ́n ìkọ́ni tí ó wà láyé lé e lórí, ẹrù ni yóò kàn máa rù kiri.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé, nítorí ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nínú irú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá tí ó pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá náà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa omi sílẹ̀, tí ó sì ti ń di ẹrù ọjà, kò dá a lóhùn lásán: ó pe oríkì rẹ̀, ìbáà ṣe Àjọkẹ́, ìbáà ṣe Àṣàkẹ́, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú oríkì orílẹ̀, ó pè é ní ọmọ Olówu tàbí ọmọ Oníkòyí, ọmọ Òpómúléró tàbí ọmọ Ọlọ́fà, ó ka àwọn tí wọ́n ti kú kí a tó bí ìyá-ìyá rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ó sọ ogun tí wọ́n jà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn àti àgídí tí wọ́n ní, títí orí ọmọ náà fi wú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fúyẹ́ bí ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kòtò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní yàrá kejì, ìyá kan tí ó jẹ́ ará Urhobo ń kọ orin tí ìyá tirẹ̀ kọ́ ọ. Ní yàrá kẹta, ọkùnrin Ìgbò kan ń fi àdàpè oyè kí bàbá arúgbó tí ó wá bá wọn ṣe ọjọ́ díẹ̀ láti ìlú wọn. Ọmọbìnrin yìí dé ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣi ìṣirò kan, a sì pè é ní olódo. Oòrùn kò tíì mú, ẹni tí ó jáde nílé ní ọmọ Olówu ti di olódo lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé orúkọ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ wo èyí tí yóò mú kí ọmọ fẹ́ tún ìṣirò náà ṣe.

Àwọn tí wọ́n rò pé ìpọ́nni lásán ni oríkì kò tíì fetí sí i dáadáa. Oríkì a máa yin ni, a sì máa bú ni. A máa rántí ìjà tí ìdílé ìbá fẹ́ kí ayé gbàgbé, a máa fi ìwọra bàbá ńlá ẹni ṣe yẹ̀yẹ́ ní ojú àlejò, inú ẹni tí a ń kì kì í sì í bàjẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ẹ̀gàn ilé òun tó bẹ́ẹ̀ mọ òun délé. Ọmọ tí ó dàgbà sínú irú ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́ ohun kan tí ìwé kì í tètè kọ́ni: pé gbólóhùn kan lè gbé ayọ̀ àti ìbáwí pọ̀, pé a lè sọ òótọ́ tí ó korò kí etí sì máa gbádùn rẹ̀, àti pé òun kò dá nìkan wà láyé, àwọn ènìyàn kan ń bẹ lẹ́yìn òun tí ọ̀rọ̀ wọn ju ọjọ́ orí òun lọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo bá ní ewì ṣe pàtàkì. Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò, kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn àti ìdíje, ewì ni ó kọ́kọ́ ń sọ fún ènìyàn pé ẹni kan ni òun.

Wàyí o, kí ni à ń ṣe sí i ní ilé-ẹ̀kọ́? Mo ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì rí ní agbègbè yìí. Èmi kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí ohun tí mo rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Olùkọ́ wọlé, ó kọ àkọlé ewì sójú pátákó, ó kọ orúkọ akéwì sí abẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nóòtì: kókó ọ̀rọ̀, ìlò èdè, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àwítúnwí. Àwọn ọmọ dà á kọ, ọwọ́ ń ro wọ́n, títí aago fi lù. Ewì tí wọ́n ń kọ nóòtì lé lórí kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní gbogbo àsìkò náà. Èmi kò dá olùkọ́ yẹn lẹ́bi pátápátá, nítorí ìdánwò ni ó ń lé e, àwọn òbí sì ń béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewì tí a fi nóòtì dì bẹ́ẹ̀ dà bí kọ̀nténà tí ó gúnlẹ̀ sí Àpápá tí a kò gbà jáde: olówó rẹ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, ó mọ nọ́ńbà rẹ̀, ó ń san owó ìdádúró rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó rí ẹrù náà lò nílé.

Bí a bá fẹ́ mọ bí a ti í fi ewì kọ́ ọmọ, kò yẹ kí á jìnnà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, ọmọ bíbí Ìpetumodù, tí ó ṣe olùkọ́ àti ọ̀gá ní Igbobi College ní Yábàá kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, tọ àwọn ọdẹ àti àwọn oníjàálá lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Ìwádìí rẹ̀ ni ó di ìwé ńlá tí ó jáde lórí ìjálá ní ọdún 1966, ọdún kejì rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn oríkì orílẹ̀ sì tẹ̀lé e. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí i kedere pé ìtumọ̀ kọ́ ni ẹni tí ń kọ́ ìjálá fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà a máa tẹ̀lé ọ̀gá lọ sí òde, a máa gbọ́, a máa fara wé e, títí ohùn ọ̀gá yóò fi wọ̀ ọ́ lára, kí ó tó dá dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó la ẹnu. Bí ó bá sì ṣi ìtàn pè, bí ó bá gbé oríkì ẹni kan fún ẹlòmíràn, oníjàálá mìíràn tí ó wà ní àwùjọ yóò dá a dúró lójú gbogbo ènìyàn, yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀, yóò tún un ṣe. Ẹni tí a dá dúró náà kò sì ní ṣàì fèsì láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹgba níbẹ̀, kò sí olódo níbẹ̀. Ìtìjú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ọ̀rọ̀ lè wò sàn ni. Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá náà ń kó ẹsẹ sórí láti inú odù kan bọ́ sí òmíràn, nínú 256 tí ó wà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó di ẹni tí à ń wá pé kí ó tú u fún wa. Etí ni àkọ́kọ́, ẹnu tẹ̀lé e, òye wá dé bá àwọn méjèèjì nígbà tí àkókò rẹ̀ tó. Àwa òde òní ni a ń fi òye ṣíwájú, a fi ẹnu sẹ́yìn, a sì gbàgbé etí.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, àwọn tí wọ́n mọyì ewì kò jẹ́ kí ó ti ipa bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu ènìyàn. Dẹnrelé Ọbasá, tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Ìbàdàn, gbé Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní ọdún 1927, nínú èyí tí ó kó ọgbọ́n ẹnu àwọn àgbà jọ, tí ó sì fi tirẹ̀ lé e. J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, olùkọ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, fi ewì sínú àwọn ìwé Aláwíyé, títí kan èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àti ìṣẹ́, tí mi ò ní láti kà lójú yín nítorí pé mo rí i pé ètè àwọn kan ti ń mì báyìí. Ẹ lọ bá arúgbó tí ó ka ìwé mẹ́fà péré, kí ẹ ní kí ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ìṣirò. Yóò họ orí. Ẹ dárúkọ ewì yẹn fún un, yóò dìde dúró. Báwo ni ó ṣe wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tí ó kọ nóòtì lé e lórí fún un. Gbogbo kíláàsì ni ó dúró, tí wọ́n fi ohùn kan ké e ní òwúrọ̀, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó tó di pé ayé fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Láńrewájú Adépọ̀jù, akéwì tí ó lọ bá àwọn àgbà ní ọdún 2023, kò jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó bí àwa ti jókòó, ó fi ara rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, síbẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ bá jáde lórí rédíò àti nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n a dákẹ́. Èmi kò fi èyí bu ilé-ẹ̀kọ́. Mo fi ń sọ pé ewì kò dúró de ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó sáré lé e bá.

Ilẹ̀ tí a jókòó lé lórí yìí pàápàá, ilẹ̀ ọ̀rọ̀ ni láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìjọba àmúnisìn gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, kò fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ó gbé e dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, wọ́n sì dá a láre ní ọdún 1921. Kí ìwé ilẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìtàn ẹnu ni ẹ̀rí ilẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn ilé rẹ̀ kà kò ní ohun tí yóò gbé dé iwájú adájọ́ kankan. Ní 1926 ni èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti Tin Can Island tẹ̀lé e ní 1977, àwọn tí wọ́n wá ru ẹrù, tí wọ́n wá wakọ̀, tí wọ́n wá ta oúnjẹ fún àwọn tí ń ru ẹrù, tí agbára wọn kò sì ká owó ilé Àpápá, ni wọ́n kún Ajégúnlẹ̀ fọ́fọ́: Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, Ìjọ̀ àti Urhobo, Ìṣẹ́kiri àti Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá láti ilé kò tó ilé. Àwọn ìwé ìròyìn kì í sábà dárúkọ Ajégúnlẹ̀ bí kò bá ṣe pé ìjà ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tàbí pé agbábọ́ọ̀lù kan ti ibẹ̀ jáde, irú Samson Siasia tàbí Taribo West. Wọn kò mẹ́nu ba pé bóyá ni a fi rí àdúgbò mìíràn ní Èkó akéte ilé ọgbọ́n tí oríṣi ewì pọ̀ sí nínú ilé kan ṣoṣo bí i ti Ajégúnlẹ̀.

Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ti lò ó. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin Daddy Showkey, ti Baba Fryo tàbí ti African China, tí wọ́n fi èdè Píjìn kọ, tí wọ́n sì fi ijó galala gbé lẹ́sẹ̀, yóò mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí mọ lílé, wọ́n mọ ègbè, wọ́n mọ bí a ti í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà ní ìgbà kẹta. A. J. Dagga Tolar, akéwì Ajégúnlẹ̀, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ewì tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní This Country Is Not a Poem, ó sì jókòó sí àdúgbò rẹ̀ láti kọ ọ́, kò sá lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́ jù. Ẹ tún gbọ́ obìnrin tí ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná ní ìdájí, bí ó ti ń fa ohùn gùn ní ìparí ìlà kí ó lè dé yàrá ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ń pe ibùdókọ̀ ní ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, láìjẹ́ kí ìlù rẹ̀ já. Ẹ ka ohun tí àwọn awakọ̀ tírélà kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn bí wọ́n ti tò lọ lójú ọ̀nà èbúté. Ìpolówó ọjà wà nínú ewì alohùn Yorùbá kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rojú. Òótọ́ ni pé orin ìgboro ní ìdọ̀tí nínú, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́ ni yóò ṣà á kí ó tó gbé e wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣa ìrẹsì, ìrẹsì ni ó ń wá, kì í ṣe òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu. Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu yín ni pé ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, pé ẹni tí ó ń kọ́ ni ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Tolu kò lè ráyè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ìyà ńlá ni fún ẹni tí ń kọ́ ìṣirò, ó yẹ kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i. Fún ewì, ẹ má bínú, ọrọ̀ ni. Ewì wa kì í ṣe ohun tí ẹni kan ń kà ní kọ̀rọ̀. A dá a pẹ̀lú lílé àti ègbè, pẹ̀lú ẹni tí yóò lé e àti ogunlọ́gọ̀ tí yóò gbè é, kíláàsì tí ọmọ méjìlá péré bá wà nínú rẹ̀ kò sì ní ègbè tí ó dún. Ẹ pín ọmọ yín sí ọ̀nà mẹ́ta, kí apá ọ̀tún lé, kí apá òsì gbè, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ìlù sórí tábìlì. Ọmọ tí ń kólòlò yóò rí ibi fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sí títí ìgboyà yóò fi dé, ẹni tí kò mọ ìwé kà dáadáa yóò kọ́ ìlà náà láti ẹnu aládùúgbò rẹ̀. Bí tírélà bá fọn fèrè níta, ẹ ní kí wọ́n gbé ohùn sókè jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ rán wọn nílé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ àgbà léèrè ìlà mẹ́rin, ní èdè tí ó bá jẹ́ tiwọn, kí ó kó o sórí, kí ó wá ké e, kí ó sì sọ ẹni tí ó fi kọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá yóò mú oríkì wá. Ọmọ Ìjọ̀ lè mú nǹkan wá láti inú ìtàn Ozidi, tí J. P. Clark gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn apìtàn tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1977. Ọmọ Urhobo lè gbọ́ nípa udje, nínú èyí tí àdúgbò méjì fi ń múra sílẹ̀ láti fi orin bú ara wọn, tí ẹni tí orin rẹ̀ bá dùn jù borí, tí ilé kò sì jó. Àwa náà ní ẹ̀fẹ̀, tí a fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aṣebi ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní àdúgbò tí àwọn ọmọkùnrin ti ń tètè fi ìgò dáhùn ọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ wo ni ó tún ju èyí lọ? Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ìbínú rẹ̀, ọwọ́ ni yóò fi sọ ọ́.

Kí ẹ wá jẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀dá tiwọn. Ẹ má fi wọ́n sí orí òṣùpá àti òdòdó. Ẹ ní kí wọ́n ki ohun tí wọ́n rí kọjá lónìí. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n rí i bí ó ti ń pa ìlà kan rẹ́ tí ó ń wá òmíràn. Èmi náà gbìyànjú bí mo ti ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì kí ọjà yín báyìí:

Boundary, ọjà ẹlẹ́nu púpọ̀ tí kì í ṣi ara wọn gbọ́,
Ibi tí Ìlàjẹ ti ń fi ẹja kí Ìgbò,
Tí Ìgbò ń fi aṣọ kí Haúsá,
Tí gbèsè àná ń kí owó òní kú àárọ̀.
Òjò rọ̀, omi dé orúnkún;
Oòrùn ràn, eruku dé ojú;
Èrò ò tìtorí méjèèjì dín ní Boundary.

Mo mọ̀ pé ọmọ kan wà lẹ́nu fèrèsé yẹn tí yóò ṣe é jù báyìí lọ, nítorí òun ni ó ń gba inú omi yẹn kọjá.

Àwọn kan yóò ní, ewì Gẹ̀ẹ́sì tí àjọ ìdánwò yàn ńkọ́? Èmi kò bá a ṣọ̀tá. Níyì Ọ̀ṣúndáre, tí a bí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní 1947, tí ó dàgbà láàárín orin àti ìlù oko, ni ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ Songs of the Marketplace ní 1983. Ní 1985 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewì sínú ìwé ìròyìn Tribune lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹni tí ń ra ìwé ìròyìn lójú títì lè kà á. Frank Aig-Imoukhuede fi èdè Píjìn kọ odindi ìwé ewì ní 1982. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti gbóná nínú ewì ilé rẹ̀ ni ewì àlejò kì í dẹ́rù bà, nítorí ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí etí òun máa wá. Bí a bá ti jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ewì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó ké e, kí ó sọ ìlà tí ó fẹ́ràn àti èyí tí ó kórìíra, ẹ wá béèrè àfiwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò fà á yọ fúnra rẹ̀ láìsí nóòtì yín. Kí ìbéèrè ìdánwò kẹ́yìn, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. N kò ní kí a mú un kúrò.

Ẹ̀yin òbí, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ sínú: ewì ò ṣe é jẹ, a fẹ́ kí ọmọ wa di dókítà tàbí kí ó ríṣẹ́ ní èbúté. N kò ní tan yín pé ewì ń mú owó wá. Ọ̀pọ̀ akéwì ló kú láìní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin wà, ìwé wà. Ohun tí ó kù ni ohùn. Nílé, ẹ má fi oríkì pamọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí ẹ bá sanwó fún àlejò kí ó wá fi kí yín. Ọmọ tí a kò kì ní kékeré, owó ni yóò fi ra oríkì lágbà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ó kù tí mo ní sí ẹ̀yin olùkọ́. Bí ẹ bá wọ kíláàsì ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, ẹ fi ìwé àti ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ ké ewì kan láti orí wá, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́fà péré. Ẹni tí kò bá ní ọ̀kan lórí, kí ó fi òpin ọ̀sẹ̀ yìí wá a lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ má béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ yẹn. Kí ẹ kàn tọ́ka sí ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ pe oríkì rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì ní kí ó ké tirẹ̀.